Ọgbà tí gbogbo ewé rẹ̀ ń wàásù

Olóòtú tó ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́ ni mí. Iṣẹ́ tó wà níwájú mi nígbà náà jẹ́ ìwé kan nípa ọdún kan nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ àpilẹ̀kọ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́: aṣọ tó gbẹ sórí okùn, àjèjì tó sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn tó ń ké, ọmọ kékeré tó ń ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún. Wọ́n jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè wọ́n níhìn-ín. Orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé àti àkọlé ìwé náà kò sí lára ohun tí ìtàn yìí nílò. Wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ yìí kí n tó gbé e jáde, wọ́n sì ní kí n má ṣe yọ ibi tí a ti jà kúrò.

Tí èèyàn bá mú ojú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé náà, kò ní rí ohun tó burú níbẹ̀. Èdè já geere, gbólóhùn kò gùn jù, ẹ̀rín wà níbi tó yẹ. Ìgbà tí mo kà á tẹ̀ léra ni mo rí ohun tó ń ṣe é. Èèrà gbé ọkà kọjá, ó di ẹ̀kọ́ nípa sùúrù. Irúgbìn wà nínú òkùnkùn ilẹ̀, ó di ẹ̀kọ́ nípa ìrètí. Èpò hù, ìwà búburú ni. Òjò rọ̀, ìdáríjì ni. Nígbà tí mo fi máa dé orí kẹta, mo ti ń fi pẹ́ńsù sàmì sí etí ìwé níbi tí mo bá ti mọ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ kó tó dé. Àmì náà pọ̀ débi pé mo ṣíwọ́.

Ohun kejì ló tún bà mí lẹ́rù jù. Nínú gbogbo ìwé náà, mi ò lè sọ ohun tó hù nínú ọgbà. “Òdòdó” ni òdòdó, “ewé” ni ewé. Ṣé ilẹ̀ oníyanrìn ni àbí ilẹ̀ amọ̀? Apá ibo ni oòrùn ti ń dé ibẹ̀? Tòmátò fara hàn lẹ́ẹ̀kan, àpẹẹrẹ ọmọ aláìgbọràn ni wọ́n sì fi ṣe. Orí keje dá lórí ògiri tó wà lápá kan ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nídìí ògiri yẹn gan-an?” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn á lọ wò ó.

Kì í ṣe ohun tí wọ́n pè mí fún nìyẹn. Lójú tiwọn, ìmísí ló gbẹ. Orí keje yìí kan náà kò ṣeé parí; wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n ti tún un kọ títí ó fi sú wọn. Àpilẹ̀kọ ọ̀sẹ̀ náà ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò kì í rántí ohun tí àwọn kọ sínú rẹ̀ mọ́ tó bá ti di ọjọ́ kejì.

Kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti dán kíka iye ọ̀rọ̀ wò. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn Anthony Trollope, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tó máa ń jí ní ìdájí, tó ń gbé aago síwájú ara rẹ̀, tó sì ń retí 250 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìtàn òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi í na àwọn òǹkọ̀wé lẹ́gba. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni Trollope fi ń ka ohun tó ti kọ lánàá. Ẹ̀gbọ́n mú aago, wọ́n fi ìwé kíkà sílẹ̀. Orí keje wá ń gùn sí i. Lójoojúmọ́ ni ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ mìíràn nínú ọgbà, tí yóò sì sáré lọ bá ẹ̀kọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tètè máa ń kún òṣùwọ̀n. Ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kọ ni aago ń sanwó fún. Fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ohun tó rọrùn jù láti kọ ni ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ìkọ̀wé gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa ìwé dé pátápátá, kí wọ́n gbájú mọ́ ọgbà, ọ̀rọ̀ á wá fúnra rẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn kì í ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Wọ́n gbé kálámù sílẹ̀ fún odidi ìgbà ọ̀gbìn kan. Ọgbà náà dára o! Ebè tọ́ gbọnrangandan, kò sí èpò kan lójú ọ̀nà, gbogbo ohun tó ń fà ló ní ọ̀pá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò wá. Nígbà tó yá, kò sí iṣẹ́ tó kù nínú ọgbà, síbẹ̀ wọ́n á ṣì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọ́n ń tún ohun tó dára ṣe, nítorí tí wọ́n bá wọlé, tábìlì ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́. Lọ́dún 1926, Graham Wallas, ọ̀mọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, pín bí èrò tuntun ṣe ń wá sí ọ̀nà mẹ́rin: ìmúrasílẹ̀, àkókò tí a pa ọ̀rọ̀ náà tì tí ọpọlọ sì ń bá a lọ lábẹ́lẹ̀, ìgbà tí èrò náà ṣàdédé là síni lọ́kàn, àti ìgbà tí a ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìkejì. Wọ́n gbàgbé pé ìmúrasílẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí Ut Na Sio àti Thomas Ormerod kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ lọ́dún 2009, wọ́n rí i pé pípa ìṣòro tì fúngbà díẹ̀ ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́, pé ó sì ń ranni lọ́wọ́ jù fún ẹni tó ti kọ́kọ́ bá ìṣòro náà jìjàkadì pẹ́. Tó bá sì jẹ́ irú ìṣòro kan tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí kò gba ọpọlọ púpọ̀ sàn ju kí èèyàn kàn jókòó sinmi lọ. Iṣẹ́ tó ń gba gbogbo ọpọlọ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ọgbà wà nínú iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wo ni Ẹ̀gbọ́n mú wọ ọgbà? Kò sí. “Orí keje kò lọ” kì í ṣe ìbéèrè. Wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe orí keje, torí náà kò sí ohun tí ọpọlọ fẹ́ máa bá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn sinmi ni, kì í ṣe ìṣòro ni wọ́n pa tì.

Ibẹ̀ ni mo ti wọlé. Mo ní kí wọ́n wá ìwé kékeré kan tó wọ àpò àti pẹ́ńsù, nítorí omi kì í tú ohun tí a fi pẹ́ńsù kọ. Ìdúró ni kí wọ́n ti máa kọ ọ́, nínú ọgbà, kí wọ́n tó lọ fọ ọwọ́. Déètì, aago, ohun kan ṣoṣo tí ojú rí. Tó bá ṣeé wọ̀n, kí wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n. Mo wá fi èèwọ̀ sí i: “bí ìgbà tí” kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, “ó rán mi létí” kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, “ó kọ́ mi pé” tilẹ̀ burú ju gbogbo wọn lọ. Kò sí òwe, kò sí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, o fẹ́ sọ mí di akọ̀wé ilé ẹjọ́.” Wọ́n ní báwo ni àgbàlagbà ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ láìpa òwe. Mo ní òótọ́ ni pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, pé tí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kò tíì sọnù, a ò tíì ní in lọ́wọ́ rárá ni. Wọ́n ní ẹnu mi mú jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ kò ṣeé kà. “Tòmátò wà dáadáa.” “Oòrùn mú lónìí.” Mi ò ṣe àtúnṣe kankan sí i, ìbéèrè nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́ padà. Èwo nínú tòmátò náà? Aago mélòó? Ewé òkè ni àbí tìsàlẹ̀? Ó pẹ́ díẹ̀ kí nǹkan tó yí padà, ohun tó sì kọ́kọ́ yí i padà ni ẹ̀wà tó ń lọ́ mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí èèyàn bá wò ó láti òkè, gbogbo ẹ̀wà náà ló ń yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kò sí ẹyọ kan tó yà. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ lọ́ ọ mọ́ ọ̀pá lódìkejì. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ó ti tú ara rẹ̀ kúrò, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí bó ṣe wù ú. Ibi tí àkọsílẹ̀ náà parí sí nìyẹn. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ̀wà yẹn ì bá ti di ọmọ tí a ò lè fipá tọ́ kó tó di ọ̀sán.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n dán nǹkan wò ni. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀wà fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni tòmátò inú ike bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìdí ògiri tí mo béèrè lọ́jọ́sí ni wọ́n tò ó sí. Àkọsílẹ̀ wọn kà báyìí: lọ́sàn-án, ewé rọ, wọ́n bu omi sí i. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ewé rọ. Wọ́n bu omi sí i, ó pọ̀ ju ti àná lọ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ ní òwúrọ̀ kan pé aago mẹ́fà ààbọ̀, ìrì ṣì wà lórí koríko, ewé tòmátò sì ti wálẹ̀.

Aago yẹn ló là wọ́n lójú, mi ò tíì sọ ohunkóhun. Ewé tó rọ lọ́sàn-án gangan tó sì gbéra nírọ̀lẹ́ lè jẹ́ pé oòrùn ló ń fa omi lára rẹ̀ yára ju bí gbòǹgbò ṣe ń fà á lọ. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó rọ ní ìdájí, nígbà tí oòrùn kò tíì ṣe é ní nǹkan kan, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ erùpẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Wọ́n fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pọ́n, ó rọ̀, ó ń rùn bí omi tó ti dá rogún. Nígbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fà á, awọ rẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tínrín okùn kan ló kù nínú. Wọ́n dojú ike dé. Ihò kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀, amọ̀ àti gbòǹgbò sì ti dí i pa.

Gbòǹgbò ń mí. Ó nílò ọ́síjìn tó wà nínú àlàfo kékeré àárín erùpẹ̀ kó tó lè fa omi. Tí omi bá gba gbogbo àlàfo náà, gbòǹgbò á kú díẹ̀díẹ̀, ewé yóò sì rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló dúró sí. Ẹni tó bá ń wo ewé nìkan yóò tún bu omi sí i.

Ẹ̀gbọ́n kọ ìtàn yìí ní ojú ewé kan àti ààbọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kà á lórí ìdúró. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Awọ gbòǹgbò tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ yẹn, mo ń nu ìka mi mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo dé ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ìpínrọ̀ náà sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ṣe ń bu iṣẹ́ lé orí keje lórí lójoojúmọ́, tí àwọn ò jẹ́ kó mí.

Ohun tó sọ jẹ́ òótọ́. Ó tiẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe orí keje ju bí èmi ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Mo sì ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ibí la ti jà. Ẹ̀gbọ́n ní mo fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tí ọgbà fún àwọn. Wọ́n ní òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí àwọn fi ń sọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Mo ní òǹkàwé ti mọ̀, àwọn ni wọn ò gbà pé ó mọ̀. Wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n má fi ìlànà pa àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ láàárín wa fún bí ọjọ́ mélòó kan, mi ò sì pe wọ́n, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá pè, màá bẹ̀bẹ̀, tí mo bá bẹ̀bẹ̀, ìpínrọ̀ yẹn á dúró.

Àwọn fúnra wọn ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Wọ́n fún àwọn ojúlùmọ̀ díẹ̀ ní ìtàn náà, àwọn kan gba èyí tó ní ìpínrọ̀ ìkẹyìn, àwọn yòókù gba èyí tí kò ní in. Èyí kì í ṣe ìwádìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i bí ìwádìí. Àwọn tó ka èyí tó ní ìpínrọ̀ ìkẹyìn sọ pé ó dára, pé ìṣòro òǹkọ̀wé pọ̀ lóòótọ́. Nínú àwọn yòókù, ẹnìkan sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí òun ń ràn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ilé-ìwé títí tí ọmọ náà ò fi lè dá ìṣirò kan ṣe mọ́. Òmíràn sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó ń ṣàìsàn, tí gbogbo ilé pagbo yí ká tí kò sì rí ibi jókòó sí. Òmíràn ní òun ti dojú gbogbo ike òdòdó ilé òun dé láti wo ihò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pè mí. Wọn ò sọ pé mo borí. Wọ́n ní, “Àbúrò, kò sẹ́ni tó rántí orí keje.” Wọ́n yọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni orí keje wá ní ìbéèrè. Wọ́n ti í pa, wọ́n kọ ohun kan ṣoṣo sí iwájú rẹ̀: kí ló dé tí ìdí ògiri fi máa ń gbẹ? Nítorí ohun tí ìwé inú àpò ti ń sọ láìmọ̀ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń fọwọ́ bomi rin tòmátò ibẹ̀ ni pé òjò kì í kàn án dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń gbé òjò wá láti ẹ̀yìn ògiri, ògiri sì ń ṣíji bo ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ibi tí ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ kan máa ń gbẹ nígbà tí ọgbà tó kù ń kún. Ní ọ̀sán, ògiri yìí kan náà ń mú ooru, ó ń tú u jáde nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń ro ebè, wọ́n ń já ewé gbígbẹ, orí keje wà ní títì pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ láì wo ti àtijọ́, ó sì kúrú ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nínú ti àtijọ́, ògiri jẹ́ ohun tí ó ń ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn. Nínú ti tuntun, ògiri ń dá òjò dúró.

Ìgbà tí èso bẹ̀rẹ̀ sí í dé ni ìwé náà rí ètò tuntun, èyí ni mo sì kà sí àǹfààní tó tóbi jù. Ìdí àwọn tòmátò kan dúdú, ó wọnú, ó gbẹ bí awọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé kòkòrò ni. Kálísíọ̀mù, èròjà aṣaralóore kan, ni kò dé ìdí èso náà nígbà tó ń dàgbà, omi ló sì ń gbé kálísíọ̀mù gba inú igi kọjá. Tí omi bá ń wá lónìí tí kò wá lọ́la, ìdí èso tó jìnnà jù ló ń jìyà rẹ̀, àmì rẹ̀ kì í sì hàn lọ́jọ́ tí omi sé. Ẹ̀gbọ́n yẹ ìwé àpò wò sẹ́yìn. Wọ́n bá ibi tí àkọsílẹ̀ omi ti já, ìgbà tí wọ́n rìnrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn bomi rin ín déédéé. Wọ́n pè mí lóru. Wọ́n ní kí a má to ìwé náà bí oṣù ṣe tẹ̀ léra mọ́. Kí orí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ara àmì kan tó hàn, kó sì máa tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn títí yóò fi bá ohun tó fà á.

Mo ti jókòó ti ìwé yẹn pẹ́ kí n tó gbọ́ èyí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí. Ẹni tó ń fi ìdọ̀tí abẹ́ èékánná kọ̀wé ló rí i.

Kò dúró bẹ́ẹ̀ láìmì o. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan nítorí ìwé. Wọ́n ra irúgbìn tó ṣọ̀wọ́n kí orí kan lè ní ohun àrà. Wọ́n fi àwọn ohun kan sílẹ̀ kó ṣàìsàn kí wọ́n lè kọ ọ́. Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi: gbólóhùn tún ń gùn, “ẹwà” tún ń yọjú. Ohun tí wọ́n ń wò ti di ohun tí wọ́n ti pinnu láti rí. A gbà pé kí wọ́n fi okùn yí apá kan ọgbà ká, apá tí wọn kò ní kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ láé, kódà tí ohun ìyanu bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó wà nínú okùn yẹn.

Ìwé náà parí. Kò tó ìdajì bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀. Ní ti àpilẹ̀kọ ọ̀sẹ̀, inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn; àwọn òǹkàwé kan kọ̀wé pé àwọn ò rí ẹ̀kọ́ mọ́, pé ẹ̀kọ́ ni àwọn ń wá síbẹ̀ fún. Mi ò lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n ń pa òwe padà báyìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ohun tí wọ́n rí bá ti wà lórí ìwé tán.

Fún àwa tí à ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́, ohun tí mo yí padà nínú iṣẹ́ mi lẹ́yìn èyí kò pọ̀. Tí ẹnìkan bá ní ìmísí gbẹ, mi ò kì í béèrè mọ́ bí ara rẹ̀ ṣe rí lákọ̀ọ́kọ́. Mo ń mú nǹkan kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, mo ń ní kó sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi. Tí kò bá lè sọ ọ́, iye ọ̀rọ̀ lójúmọ́ kò ní wò ó sàn. Mi ò sì ń ní kí ẹnikẹ́ni lọ sinmi láìfi ìbéèrè kan lé e lọ́wọ́, ìbéèrè tó kúrú débi pé ó lè wà ní iwájú ìwé. Èèwọ̀ lórí òwe àti àfiwé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí, kí a sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn á gba èèwọ̀ náà bí ẹ̀sìn, yóò sì máa kọ ìwé gbígbẹ títí ayé.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni èyí yẹ fún. Òǹkọ̀wé tí nǹkan kan kò wù mọ́, tí kò rí oorun sùn, tí ìdìde lórí ibùsùn gan-an ti di iṣẹ́ fún, dókítà ló nílò, kì í ṣe olóòtú, kì í sì í ṣe ọgbà. Ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ náà lè má rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀. Mi ò tíì dán an wò lára irú wọn.

Ẹni tí kò ní ọgbà lè fi ike kan lójú fèrèsé ṣe é. Kó má ṣe mú tòmátò tí oòrùn kò bá dé fèrèsé náà tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Yóò kàn gùn ni, yóò sì tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ohunkóhun tó lè ṣàìsàn ló dára fún un. Kó lu ihò tó pọ̀ sí ìdí ike náà, kó fi nǹkan gbé e sókè díẹ̀ kí omi lè rí ibi jáde, kó sì máa kọ aago tó wò ó, pàápàá ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó débẹ̀.